Ṣé oorun ló ń jí agbára apá mi gbé ni, àbí ọjọ́ orí?

Bíríkìlà Mọ́níyà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe n'Íbàdàn níbí, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Mo ti pé ọdún 46. Ohun tí mo fẹ́ bi yín kò jọ ọ̀rọ̀ bíríkì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá já sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní sáìtì, èmi nìkan á kó ogún àpò wọlé kí àwọn lébìrà tó jẹun àárọ̀ tán. Kílò 50 ni àpò kan. Lọ́dún tó kọjá mo gbé mẹ́ta péré, itan mi ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀. Tí mo bá to bíríkì oní-ínṣì mẹ́sàn-án ní ìlà méjì báyìí, apá mi ti wúwo. Oúnjẹ ń wọlé dáadáa o. Ikùn ń yọ síwájú, apá ń tín-ín-rín, ẹsẹ̀ ń gbẹ.

Àwọn kan ní sáìtì ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe mí, pé kí n tètè wá bàbá kan lọ. Èyí tí mo gbìyànjú ni àgbo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mu ún, kò sí èrè kankan níbẹ̀ ju kí n máa sáré lọ sí ilé ìgbẹ́. Nílé ìwòsàn kan, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ga, wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n sinmi. Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe ń sùn.

Ìyàwó mi ló ṣí mi lójú. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ìhanrun mi ju ẹ̀rọ ìlọta lọ, mo máa ń fi í ṣẹ̀rín ni. Lóru ọjọ́ Sátidé kan ó fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí. Màá hanrun, màá hanrun, lójijì kẹ́kẹ́ á pa mọ́ mi lẹ́nu. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá: 31. Èmi tí mo ń gbọ́ ọ gan-an ò mọ ìgbà tí mo sé èémí. Lẹ́yìn náà ni mo fà á sókè gbùà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde nínú odò. Ìyàwó mi ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́, àti pé òun máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi kí n lè mí.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé èémí tó ń dá lóru lè jẹ ẹran apá àti itan ènìyàn? Àbí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni?

Wálé Ọmọ Gbáàgì:

Ẹ̀gbọ́n, ọdún 46 kì í ṣe ọdún 26. Ẹ gbé e fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Físíò Peckham:

Wálé, ẹ jẹ́ ká fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹ̀gbọ́n bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́. Físíò ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú, London ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N ò lè wò yín láti ibí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yẹn jọ èyí tí wọ́n ń pè ní sleep apnea, àìsàn kí èémí máa dá lójú oorun. Tí èémí bá dá tó ìṣẹ́jú àáyá 10, a ti kà á. Tó bá ń tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní wákàtí kan, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Tó bá ti tó 30, ó ti le nìyẹn.

Iṣan ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Kò sí eegun tó gbé ọ̀nà ọ̀fun dúró lẹ́yìn ahọ́n, iṣan ló ń fà á ṣí. Tí a bá sùn, iṣan á dẹ̀, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, pàápàá tí ẹ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ọ̀rá inú ọrùn, àti ti inú ahọ́n fúnra rẹ̀, á tún fún un pa. Ẹ ti fi rọ́bà fa omi rí ní sáìtì: tí rọ́bà náà bá rọ̀ jù, tí ẹ sì ń fa á gidi, inú rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, omi ò ní wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fun yín ṣe ń ṣe.

Ó wá kan apá àti itan. Họ́mọ̀nù tó ń tún iṣan ṣe máa ń tú jáde jù nínú oorun ìjìnlẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ òru. Gbogbo ìgbà tí èémí bá dá, ọpọlọ yín á ta gìrì kí ẹ lè mí, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ jí, ṣùgbọ́n oorun ìjìnlẹ̀ náà ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sán ń ṣá iṣan yín, òru ló yẹ kó rẹ́ ẹ padà, àmọ́ ẹni tó máa rẹ́ ẹ kò rí àyè wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ náà á máa lọ sílẹ̀ á máa gòkè, ìyẹn ń da iṣẹ́ inú iṣan rú. Tí a bá jẹun tán, iṣan tún ni ó ń gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jù. Tí oorun bá bàjẹ́ báyìí, iṣan máa ń di adití sí ínsúlínì, họ́mọ̀nù tó ń sọ fún un pé kó gba ṣúgà wọlé, ṣúgà á wà nílẹ̀, ikùn á máa gba ọ̀rá. Ikùn tó ń yọ, apá tó ń tín-ín-rín, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti lè jáde.

Ẹ má sì gbà á pé òun nìkan ni. Ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, náà lè gba agbára ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé kó yẹ ìwọ̀nyẹn wò. Ẹ sì jọ̀ọ́, tí oorun bá ń gbé yín lọ́sàn-án, ẹ má gun sikáfóòdù.

Ìyá Adùkẹ́, Òṣogbo:

Ọmọ mi, kú ìfaradà. Ọkọ mi ló ní irú rẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rọ CPAP ni wọ́n fún un, tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú kí ọ̀fun má bàa pa. Wọ́n ní ọmọ Ọsirélíà kan ló ṣe é, ó gbé e jáde lọ́dún 1981. Oṣù àkọ́kọ́, baba Adùkẹ́ a máa já ìbòmú náà dànù bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń já fìlà. Ó wá mọ́ ọn lára.

Ìṣòro wa ni iná. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, apá tó ń mú omi gbóná kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má bàa gbẹ ló ń jẹ ẹ́. A pa ìyẹn, ínfátà kékeré sì gbé e di àárọ̀. Ní ti agbára, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí: ẹ̀rọ yìí kò dá ẹran ara padà fún un. Ó kàn jẹ́ kó lè dìde rìn ni. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí oko àti bọ̀ ni itan rẹ̀ tó padà le.

Físíò Peckham:

Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ̀rọ ń ṣí ọ̀nà, iṣẹ́ àti oúnjẹ ló ń kọ́ iṣan. Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, èsì jáde lọ́dún 2011: ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe eré ìdárayá pẹ̀lú gbígbé irin, ìdádúró èémí wọn sọ̀ láti bíi 32 ní wákàtí kan sí bíi 25, bẹ́ẹ̀ ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọn. Ọ̀fun náà ṣeé kọ́ níṣẹ́. Ní São Paulo lọ́dún 2009, oṣù mẹ́ta ni àwọn tí tiwọn ò tíì le jù fi ṣe eré ahọ́n àti ọ̀fun, ó sọ̀ láti bíi 22 sí 14. Àwọn ará Switzerland kan tiẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní fèrè gígùn àwọn ará Ọsirélíà láti máa fun fún oṣù mẹ́rin, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Tiyín tó bá ti le, ẹ má fi eré rọ́pò ẹ̀rọ o.

Wálé Ọmọ Gbáàgì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo lọ bi ìyàwó èmi náà lálẹ́ àná.

Bíríkìlà Mọ́níyà:

Mo padà dé. Mo ṣe àyẹ̀wò náà: wọ́n fi nǹkan kékeré há ìka mi, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ àyà mi, mo gbé e sùn nílé. Ìgbà 38 ní wákàtí kan ni èémí mi ń dá, ọ́síjìn mi sì wọlẹ̀ dé 79 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wọn ọrùn mi, sẹ̀ǹtímítà 44. Táírọ́ìdì kò ní nǹkan, ṣúgà ń rìn létí ààlà. Wọ́n ti kọ ẹ̀rọ fún mi, owó rẹ̀ ni mò ń tọ́jú báyìí, ẹgbẹ́ àjọ wa máa gbé tèmi fún mi lóṣù tó ń bọ̀. Paraga tí mo máa ń mu lálẹ́, dókítà ní kí n fi í sílẹ̀, torí ó ń dẹ ọ̀fun sí i.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ìyàwó mi rán bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan kí n má bàa máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ti dín kù. Àmọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n rí ṣẹ́ẹ̀tì náà lórí okùn. Ní sáìtì láàárọ̀ yìí, wọn ò pè mí ní ọ̀gá mọ́. Abuké ni wọ́n ń pè mí.