Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pààrọ̀ ọ̀pá irin gọ́ọ̀fù mi sí èyí tó fúyẹ́?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú gọ́ọ̀fù. Ẹni ọdún 52 ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń gbá a. Dynamic Gold S300 ni ọ̀pá tó wà lára àwọn irin mi (ìyẹn àwọn igi gọ́ọ̀fù olórí irin), ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi gíráàmù 130. Ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ kì í ni mí lára. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ihò kẹrìnlá, apá á ti rọ. Irin 7 tó máa ń lọ tó yáàdì 150 á já sílẹ̀ ní 135, bọ́ọ̀lù á sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní irin tirẹ̀ tó ní ọ̀pá N.S. Pro 950GH, tí kò tó gíráàmù 100. Bọ́ọ̀lù gòkè dáadáa, kò sì rẹ̀ mí rárá. Àmọ́ tí mo bá gbé igi sókè, n kì í mọ ibi tí orí rẹ̀ wà mọ́. Ọwọ́ mi ń yára jù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fa bọ́ọ̀lù sósì. Ìyẹn dùn mí gan-an, torí irin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ta ló ti kúrò ní 130 bọ́ sí 105 tàbí 110 nínú yín? Ṣé ẹ lẹ òjé mọ́ orí igi kó lè wúwo díẹ̀ ni, àbí ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló mọ́ ọn lára? Wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn irin tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù tí ò jìnnà, ńkọ́, ṣé kí n fi ọ̀pá tiwọn sílẹ̀ bó ṣe wúwo? Owó ọ̀pá kì í ṣe kékeré, n ò fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì.