Eyín erin ni àwọn àna mi fẹ́ fi san owó orí, bàbá mi sì ní òun kì í ta ọmọ

Ìyàwó Erékùṣù:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí n ó gbé e gbà.

Màléṣíà ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi. Ọmọ Indonéṣíà ni, láti erékùṣù Lembata, níwájú Flores lápá ìlà-oòrùn. Ó pẹ́ tí àwọn ará ibí ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní Màléṣíà. Bí ẹ bá rí ilé tí wọ́n fi símẹ́ǹtì kọ́ dáadáa ní abúlé wa, ẹ béèrè, ẹnìkan ló fowó ránṣẹ́ láti ọ̀hún. Ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wọn, Potogí ló kọ́kọ́ gbé e dé agbègbè yìí.

Lọ́dún tó kọjá a ṣe ìdána nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ṣoṣo ló rí owó bàálù tẹ̀ lé e wá. Nígbà tí wọ́n gbé owó orí kalẹ̀, bàbá mi gba àpòòwé, ó gbàdúrà sí i, ó dá a padà. Ó ní a kì í ta ọmọ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Oṣù karùn-ún mi rèé ní abúlé ọkọ mi ní Lembata. Mi ò ní parọ́, ara tù mí. Ìró òkúta ló ń jí mi láàárọ̀. Ina (bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nìyẹn, ìyá ọkọ mi ni mò ń wí) á ti jókòó ti ìkòkò amọ̀ lórí iná, á fọwọ́ lásán bu hóró àgbàdo gbígbóná mélòó kan, á dà á sórí òkúta pẹlẹbẹ, á fi òkúta kejì gbá a lẹ́ẹ̀kan. Pà! Ó ti fẹ̀, ó ti tẹ́ bí ẹ̀kánná. Jagung titi lorúkọ rẹ̀. Mo dán an wò, àtàǹpàkò mi wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun àti ẹja àti ọbẹ̀ ewé mòríńgà ni oúnjẹ wa. Bàbá ọkọ mi ń gun ọ̀pẹ lontar láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti dá ẹmu. Omi nìkan ló le, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn la wà.

Ìgbà tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi obìnrin ni wàhálà dé. Àwọn àgbà pé jọ, wọ́n gbé ewé sirih àti èso pinang kalẹ̀ bí a ṣe ń gbé obì kalẹ̀. Níbí, eyín erin ni ilé ọkọ ń gbé fún ilé ìyàwó. Belis ni wọ́n ń pe ìdána náà, bala ni wọ́n ń pe eyín erin ní èdè Lamaholot tí a ń sọ nílé. Bàbá àgbàlagbà kan wá béèrè pé, "Ìyàwó tó ti Áfíríkà wá ńkọ́? Kí la gbé fún àwọn ènìyàn rẹ̀?" Ọkọ mi ṣàlàyé àpòòwé tí bàbá mi dá padà. Ilé dákẹ́ lọ gbáà. Lójú wọn, ẹni tó bá kọ belis, àna ló kọ̀. Wọ́n ní ta ló wá ni ọmọ tó wà nínú mi? (Oṣù mẹ́rin ni, ẹ bá mi dúpẹ́.)

Wọ́n ti pinnu pé eyín erin tó bá wọlé lórí àbúrò ọkọ mi, bàbá mi ni àwọn máa gbé e fún. Mo pe bàbá mi. Wákàtí méje la fi ṣíwájú yín, òru ni lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní, "Eyín erin? Ṣé ọba ni mí ni?" Wọ́n pa fóònù.

Kí ni kí n sọ fún ẹgbẹ́ méjèèjì?

Oníṣòwò Tanah Abang:
Jakarta ni mo wà, aṣọ ni mò ń kó. Àbúrò, bí o bá fẹ́ràn ara rẹ, má gbé eyín erin dé pápákọ̀ òfurufú kankan. Láti 1990 ni òfin àgbáyé ti dá òwò rẹ̀ dúró láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ẹ̀wọ̀n ni wọn ó sọ ọ́ sí, bí o tilẹ̀ ní ẹ̀bùn ni. Ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n fowó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Bólú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ti bàálù tí ẹ sọ, òótọ́ ni. Ti pé kí wọ́n tà á yẹn, ẹ fẹ́ tú ilé ọmọ ọlọ́mọ ni.

Àbúrò mi, ọmọ Adonara ni ọkọ tèmi, erékùṣù tó kángun sí tìrẹ, nítorí náà mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Kò sí erin ní àwọn erékùṣù yẹn. Ọkọ̀ oníṣòwò ló kó àwọn eyín yẹn débẹ̀ láyé àtijọ́, tuntun kì í sì í dé mọ́. Èyí tó bá wọlé lórí ọmọbìnrin ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọkùnrin, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Apá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: èyí ò ju ìgúnpá lọ, tọ̀hún dé àyà, èyí tó tóbi jù tó ìgbà tí ènìyàn bá na apá méjèèjì. Kì í sì í ṣe gbèsè ọjọ́ kan. Mo mọ ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ iléèwé tí wọn ò tíì gbé belis ìyá wọn.

Ohun tí ọkọ rẹ lè má tíì sọ fún ọ ni pé ilé ìyàwó kì í jókòó kó kàn máa gbà. Àwọn náà ń gbé aṣọ padà, kewatek tí wọ́n fọwọ́ hun. Tèmi, wọ́n wá ìdílé kan lábúlé tó dúró bí òbí mi. Wọ́n gba eyín erin lórúkọ wa, wọ́n gbé aṣọ fún ilé ọkọ. Títí dòní, bí mo bá dé ibẹ̀, ilé wa ni mò ń pè é.

Ọmọ Àdìgún:
Kí wọ́n kúkú fi ọkọ̀ ojú omi gbé odindi erin wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ 😂

Bàbá Ìséyìn:
Ọmọ mi, o kú ewu. Bàbá rẹ ò ṣe láburú. Ṣùgbọ́n kí ló dá padà gan-an? Àpòòwé ni. Ṣé ó dá iṣu padà? Oyin ńkọ́? Ataare, orógbó, obì, iyọ̀? Ṣebí wọ́n pín in, wọ́n jẹ ẹ́! Ẹni tó jẹ iṣu àna ti gba àna. Nílé tèmi a kì í tilẹ̀ dá owó padà, kò sì sọ wá di oníṣòwò ọmọ.

Ka ẹrù ìdána yẹn fún ìyá ọkọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti aṣọ tí Ìyá Bólú sọ, òfì wà ńlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí bàbá rẹ sọ èyí tó wù ú: ẹtù, sànyán tàbí àlàárì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ eyín erin, ọmọ inú rẹ̀ ńkọ́? Oṣù kìn-ín-ní ló máa bí. Ìgbà òjò nìyẹn lọ́hùn-ún, òkun á máa ru, ọkọ̀ ojú omi á sì máa dúró. Má dúró sábúlé di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kí oṣù kejìlá tó wọlé, kó o ti súnmọ́ ọsibítù ní Lewoleba, olú ìlú Lembata.

Ìyàwó Erékùṣù:
Mo dúpẹ́ o, ẹ kú àdúrótì. Mama Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́, ọkọ mi ń wá yàrá ní Lewoleba.

Mo ka ẹrù ìdána fún Ina bí Bàbá Ìséyìn ṣe wí. Nígbà tí mo dé orí iṣu méjìlélógójì, ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà náà, wọ́n ti jẹ wá tán!" Ó wá béèrè bóyá pupa á wà nínú aṣọ bàbá mi. Òwú òun náà wà lórí okùn lẹ́yìn ilé. Òwú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dì kí wọ́n tó hun ún, kì í ṣe aṣọ bíi ti àdìrẹ wa, gbòǹgbò igi ló sì fi ń pa á láró pupa. Mo ní àlàárì pupa ju tirẹ̀ lọ. Kò gbà.

Mo tún pe bàbá mi lánàá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìdílé tó máa dúró fún wa, eyín erin tí kò ní kúrò ní Lembata, aṣọ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Wọn ò sọ pé àwọn gbà. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Apá ta ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?"