Ìdí tí ìpele kejì átọ́ọ̀mù fi ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ péré

Ìbéèrè, láti Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ mi ti há nọ́ńbà kúáńtọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí, n, l, m àti s, tí a fi ń júwe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan nínú átọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí ìpele kejì fi ń gba mẹ́jọ péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Èsì, láti Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. n ni ìpele agbára, l ni ìrísí àyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà, m sì ni ìhà tí àyè náà kọjú sí. Láti 0 ni l ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í tó n. Nítorí náà, bí n bá jẹ́ 2, l lè jẹ́ 0, tó ní àyè kan ṣoṣo, tàbí 1, tó ní àyè mẹ́ta, nítorí pé m lè jẹ́ -1, 0 tàbí +1. s ni ìhà tí ìyípo (spin) ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ kọjú sí, kò sì ju +½ àti -½ lọ; Pauli, onímọ̀ físíìsì, sì sọ ní 1925 pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nínú átọ́ọ̀mù kan kò lè ní nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan náà. Nítorí náà, àyè kọ̀ọ̀kan kò lè gbà ju méjì lọ. Kí ó ya àpótí mẹ́rin, ọ̀kan fún àyè kọ̀ọ̀kan, kí ó fa ọfà méjì, tó dúró fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sókè, èkejì sísàlẹ̀, kí ó wá kà wọ́n.

Èsì, láti Ṣábẹ̀ẹ́: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ó má rò pé àyè náà ní ògiri bí yàrá: ibi tó ṣeé ṣe jù kí a ti bá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni.

Olùbéèrè: A dúpẹ́ gidigidi. Ó ti ka ọfà mẹ́jọ, ó sì ti ń ya ti ìpele kẹta.