Fáyáwọ́ọ̀kì tí a fẹ́ fọwọ́ tàn lẹ́yìnkùlé ní Ìjẹ̀dẹ̀: kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?

ỌmọÌjẹ̀dẹ̀ béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá wa máa pé àádọ́rin ọdún nínú oṣù Kejìlá, ilé wa ní Ìjẹ̀dẹ̀, l'Ìkòròdú, la ti fẹ́ ṣe é. Àwọn ọmọ ilé ti ra fáyáwọ́ọ̀kì sílẹ̀: kéèkì méjì (páálí oníhò púpọ̀) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yìn nígbà 25, rọ́kẹ́ẹ̀tì 12, páìpù kan tí a fi ń yìn bọ́ọ̀lù 6 sókè, àti páálí sípákúlà mẹ́rin fún àwọn ọmọdé. A ò ní ẹ̀rọ tó ń tàn án láti òkèèrè, ọwọ́ la máa fi ṣáná sí i. Pulọ́ọ̀tì kan ni ilẹ̀ wa, 60 by 120. Ilé wà níwájú, ẹ̀yìnkùlé ló ṣófo, igi àgbọn méjì wà nídìí fẹ́ǹsì, jẹnẹrétọ̀ wà lápá òsì. Àlejò lè tó ogójì. Báwo ni ká ṣe tò ó, báwo ni ká ṣe tàn án, kí ló yẹ kó wà nítòsí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa dáadáa.

AlátùpàOdógunyàn:

Ẹ kú ìmúra, Bàbá á ṣe púpọ̀ láyé.

Kí ẹ tó wọn ilẹ̀, ẹ lọ wádìí òfin ná. Explosives Act tó ti wà láti 1964 ló ń darí ọ̀rọ̀ ohun tó ń bú gbàù ní Nàìjíríà. Tí ọdún bá sì ti ń parí lọ, àwọn ọlọ́pàá máa ń kéde pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ ìró nọ́káòtù àti fáyáwọ́ọ̀kì ládùúgbò. Kí ẹni tó ni ìnáwó mú lẹ́tà lọ sí tẹ́ṣàn tó sún mọ́ yín: ọjọ́, aago, àdírẹ́sì, iye ohun tí ẹ fẹ́ yìn. Tí wọ́n bá gbà, ẹ gbà á sílẹ̀ nínú ìwé. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ má yìn ín. Kí ẹ sì sọ fún àwọn CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) àti àwọn ará ilé tó yí yín ká, torí ìró rẹ̀ jọ ìró ìbọn, ẹni tí kò mọ̀ lè ki eré mọ́lẹ̀ lóru.

Ó wá kan ilẹ̀. 60 by 120 jẹ́ mítà 18 sí mítà 36. Tí ilé bá ti gba iwájú, agbára káká ni ẹ̀yìnkùlé fi máa gùn ju mítà 15 lọ. Ẹ yí páálí wò. Àwọn tí wọ́n ṣe ní ìlànà Yúróòpù máa ń kọ F1, F2 tàbí F3 sí i. Mítà 1 ni èèyàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí F1, mítà 8 sí F2, mítà 15 sí F3, ó kéré tán, ọ̀pọ̀ páálí F3 sì ń béèrè mítà 25. F2 lè wọ ẹ̀yìnkùlé yín. F3 ò lè wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ẹ sún àga tó. Èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, ẹ kà á sí ti mítà 25.

Nítorí náà, páìpù àti bọ́ọ̀lù kúrò nínú ètò ẹ̀yìnkùlé. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ nígbà tó bá ń gòkè, igi rẹ̀ á sì já bọ́ sórí òrùlé ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo. Imọ̀ àgbọn gbígbẹ lásìkò ọyẹ́ ò sì nílò ju ẹyọ ẹ̀ta-iná kan lọ. Ẹ gé gbogbo imọ̀ tó ti gbẹ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ gbá ewé abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì bu omi sí ilẹ̀ ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Kéèkì ni kí ẹ gbájú mọ́, tí wọ́n bá kọ F2 sí i. Ohun tó ń ṣe èèyàn léṣe jù nídìí kéèkì ni pé ó ń ṣubú. Gbogbo ìgbà tó bá yìn, ó ń ti ara rẹ̀ sẹ́yìn. Tí ìdajì ihò rẹ̀ bá ti ṣófo, ó ti fúyẹ́, apá kan sì ti wúwo ju èkejì. Ìgbà náà ló máa ń dojú délẹ̀, gbogbo èyí tó kù nínú rẹ̀ á wá máa yìn sí àárín èrò. Bí ẹ ṣe máa dè é rèé: ẹ wá pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ju kéèkì lọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó dọ́gba, kì í ṣe sórí kóríko tàbí yanrìn rírọ̀. Ẹ gbé kéèkì lé e. Ẹ rọ yanrìn sínú àpò ìrẹsì títí dé ìdajì, ẹ fi mẹ́rin ká kéèkì náà, kí wọ́n fún un pinpin. Kí yanrìn ga dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, kó má bo ẹnu rẹ̀, kó má sì bo òwú tí a máa fi iná kàn. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò àpò. Tí ihò kan bá bẹ́ nínú kéèkì, yanrìn á gbé e mì, búlọ́ọ̀kù á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì fò. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ FRONT sí ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń kọjú sí àwọn àlejò, torí kéèkì mìíràn ń yìn sọ́tùn-ún sósì. Kí kéèkì kejì jìnnà sí àkọ́kọ́ tó mítà 3, kí ẹ̀ta-iná ọ̀kan má bàa gbaná fún èkejì.

Ní ti títàn án, ẹnì kan péré ni, àgbà ọkùnrin tàbí obìnrin tí kò fẹnu kan ọtí láti àárọ̀. Ẹnì kejì dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Tí fèrè bá dún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan nǹkan kan mọ́. Kó wọ aṣọ òwú tó bo apá àti ẹsẹ̀, bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátá, awò funfun irú èyí tí àwọn tó ń lọ irin ń wọ̀, àti fìlà. Kì í ṣe agbádá o, kì í sì í ṣe aṣọ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́.

Ẹ má lo ìṣáná tàbí láítà kékeré, torí ó ń fa ojú àti orí èèyàn sún mọ́ òwú. Ẹ wá igi tó gùn tó mítà kan, ẹ so ẹ̀já kọ́ìlì ẹ̀fọn mọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú wáyà. Iná kọ́ìlì ò ń jó lala, atẹ́gùn ò sì ń pa á. Ẹ kàn fẹ́ ẹ kó pọ́n kí ẹ tó fi kan òwú. Ẹ ṣí bébà tó bo òwú, ẹ nà án síta, orí rẹ̀ lẹ máa fi iná kàn. Ẹ ò gbọdọ̀ gé e kúrú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí òwú jó fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 ó kéré tán, kó má ju 9 lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 3 ò ju kéèyàn rìn kánmọ́kánmọ́ fún bíi mítà 4. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ na apá, ẹ yí ojú sápá kan. Orí, ọrùn, ọwọ́, kò sí èyí tó gbọdọ̀ kọjá lókè ẹnu kéèkì, kódà kí òwú tó gbaná. Tó bá ti ń ta pàrà, ẹ rìn kúrò. Ẹ má sáré, ẹni tó ń sáré lókùnkùn ló ń ṣubú. Ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà ní ọ̀sán kí ẹ lè rí òkúta àti wáyà tó wà níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀bútẹ̀:

Ọ̀gá Alátùpà ti sọ púpọ̀, ẹ ṣeun sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti kánópì kún un, torí kò sí ìnáwó wa tí kì í sí. Aṣọ kánópì ń gbaná kíákíá, tó bá ń yọ́, ó ń kán sórí èèyàn. Iwájú ilé ni kí ẹ ta á sí. Tó bá di àsìkò fáyáwọ́ọ̀kì, kí àwọn àlejò jáde síta gbangba, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí ibi tí ẹ ti ń yìn ín, kó má fẹ́ padà sọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ bá rí i pé igi kékeré ń mì lódindi, kì í ṣe ewé nìkan, atẹ́gùn yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ṣáájú, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti sílíńdà gáàsì lọ sí apá kejì ilé. Ẹ má gbàgbé aṣọ orí okùn àti taǹkì omi onírọ́bà. Ẹ ti ajá mọ́lé.

Sípákúlà lẹ kà sí ohun ọmọdé, àmọ́ gbígbóná rẹ̀ lè kọjá 1,000°C. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ò gbọdọ̀ dì í mú rárá. Fún àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀: ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, àgbàlagbà ló ń tàn án, ọmọ ń na apá rẹ̀ tán, kò gbé ọmọ mìíràn, kò sáré. Gáùn onínẹ́ẹ̀tì tí a ń wọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ bọ́ ọ ná. Ó máa ń yọ́ mọ́ ara ni, kì í jó kúrò lára. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí àárín wọn. Tí iná rẹ̀ bá ti kú, wáyà rẹ̀ ń wọ inú omi lójú ẹsẹ̀, torí ó ṣì gbóná, ẹsẹ̀ ọmọ tó wọ sílípáàsì ló máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má so mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀ tàn, ó ń gbaná lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Nọ́ọ̀sìẸ̀pẹ́:

Tí iná bá jó èèyàn: omi tútù tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 20 gbáko, kì í ṣe yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti aago kíákíá kí ibẹ̀ tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Kò sí epo pupa, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí ògì. Wọ́n ń há ooru mọ́ inú ara, dókítà á sì tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò. Ẹ fi nylon mímọ́ bò ó, ẹ gbéra. Tí ibi tó jó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lọ, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Ti ẹyinjú yàtọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má bu omi sí i, ẹ má kán nǹkan sí i, ẹ má yọ ohun tó bá wọ inú rẹ̀. Ẹ gé ìdí kọ́ọ̀bù bébà, ẹ fi bo ojú náà láìtẹ̀ ẹ́, kí téèpù dì í mú ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí ẹ̀jẹ̀. 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó. Ẹ ti kọ ọ́ sára ògiri kí ọjọ́ náà tó pé. Kí mọ́tò kan sì wà tí wọn ò dí mọ́ inú, kí dírẹ́bà rẹ̀ má mu.

ỌmọÌjẹ̀dẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Tí kéèkì ò bá yìn ńkọ́? Omi mélòó ló tó? Àwọn bọ̀dá wa sì ń sọ pé pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ni káwọn ti lo páìpù yẹn tí àwọn ọlọ́pàá bá gbà. Ṣé ó bójú mu?

AlátùpàOdógunyàn:

Tí kò bá yìn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Iná lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ẹ ò ní rí èéfín. Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀gbẹ́, ẹ da omi sí i kó rin gbingbin, kí ẹ tó rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì. A kì í tún un tàn.

Ní ti omi, ẹ má rò pé ẹ máa fi pa fáyáwọ́ọ̀kì tó ti ń jó. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ní ọ́síjìn tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí yanrìn pàápàá kì í fi í pa á. Ohun tó bá gbaná láyìíká rẹ̀ lẹ ń pa. Rọ́bà omi tó dé gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kí taǹkì kún kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀, torí ẹ̀rọ omi ò ní ṣiṣẹ́ láìsí iná. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mẹ́fà, méjì nítòsí ẹni tó ń tàn án, ìyókù lọ́dọ̀ àlejò àti nídìí àgbọn.

Páìpù ní pápá: ó ṣeé ṣe, bí kò bá sí ilé, wáyà NEPA tàbí igi gbígbẹ nítòsí. Páìpù tó wá nínú páálí nìkan ni kí ẹ lò. Páìpù omi funfun ti àwọn pọ́lọ́ńbà máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àwo, ti irin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rì í mọ́ yanrìn kọjá ìdajì, kó tẹ̀ díẹ̀ síbi tí èèyàn ò sí. Bọ́ọ̀lù kan lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tó pẹlẹbẹ ló ń wọ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀tù tó ń gbé e gòkè wà. Tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, inú páìpù ló máa bẹ́ sí. Kí òwú jáde lẹ́nu páìpù. Ẹni tó ń kì í, apá ló ń nà láti ẹ̀gbẹ́. A kì í yọjú wo inú páìpù, kódà tí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù mi gan-an ni pé páìpù kan ló wà fún bọ́ọ̀lù mẹ́fà: èérún iná tó kù nínú rẹ̀ lè tan iná sí èyí tí ẹ ń kì. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa láàárín ọ̀kan sí òmíràn, tó bá sì ti ya tàbí tó wú, ẹ jù ú nù.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀bútẹ̀:

Ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀yìnkùlé lóru ọjọ́ náà, kí ẹ tún un gbá ní ìdájí kí àwọn ọmọdé tó jí. Èyí tí kò yìn, àwọn ọmọ ló ń kọ́kọ́ rí i. Gbogbo páálí tó ti jó, ẹ rì í sómi mọ́jú, ẹ dì í sínú nylon, ẹ gbé e fún àwọn PSP tó ń kó ìdọ̀tí. Kò gbọdọ̀ dé orí ààtàn tí ẹnì kan máa ṣáná sí.

ỌmọÌjẹ̀dẹ̀:

Ó ti yé mi, mà. Òjò kan páálí sípákúlà kan ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ṣé a lè sá a?

AlátùpàOdógunyàn:

Rárá o. Èyí tó ti tutù kì í padà sípò tó bá gbẹ. Ó lè kọ̀ láti jó, ó sì lè jó lódìlódì. Ẹ rì í sómi pẹ̀lú ìyókù.