Ẹ sọ ti yín: ẹ̀yin tí ẹ ti fẹjọ́ ewu sùn rí ní wíáháòsì, kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, Mátòrí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní wíáháòsì kan ní Mátòrí, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì. Òróró, ọṣẹ àti tòmátò inú agolo là ń kó síbẹ̀, a sì tún ń dì wọ́n, à ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ wọn kí wọ́n tó lọ sọ́jà. A máa ń to páálí lé ara wọn tó mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́wàá, lórí pálẹ́ẹ̀tì onípákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà.

Fọ́kílíìfù wa, ọkọ̀ tó ń gbé pálẹ́ẹ̀tì sókè, ò ní fèrè mọ́, iná ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti kú. Tí awakọ̀ bá fẹ́ fẹ̀yìn rìn, ṣe ló máa ń fi sípánà lu irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbàn-ìn, gbàn-ìn, á máa pariwo "ẹ yàgò o!" Tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ké lẹ́yìn ògiri, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tún burú jù. Nítorí olè, àwọn ọ̀gá fi ṣéènì dè é, wọ́n fi àgádágodo tó tó ìkúùkù tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mẹ́gádì ní géètì iwájú. Àwa tó lé ní ogójì là ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú ilé yẹn.

A sọ ọ́ lẹ́nu títí ẹnu fi bó. Súpáfáísọ̀ á ní òun ti gbọ́. Ọ̀gá àgbà á ní àwọn máa rí sí i. Nígbà tí mo tún padà lọ, ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀kan nínú wa ń ka páálí òróró nísàlẹ̀. Fọ́kílíìfù fẹ̀yìn kan pálẹ́ẹ̀tì, pákó tó ti jẹrà ya, gbogbo ohun tó wà lókè sì ya lulẹ̀. Ojúgun rẹ̀ ló ṣẹ́. Òróró ń ṣàn lábẹ́ bàtà wa bí a ṣe ń fà á, ilẹ̀ ń yọ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e á tún ṣubú. Ẹ̀yìn la fẹ́ gbé e gbà, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ títì. A dé ìdí ilẹ̀kùn, a bá ṣéènì. A dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ wa, títí ẹnìkan fi sáré lọ sí géètì, tó sáré bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó kọ ọ́. Mi ò fi ìbínú kọ ọ́. Mo kọ ọjọ́ àti aago, mo kọ nọ́ńbà ara fọ́kílíìfù, mo kọ iye ìgbà tí a ti sọ ọ́ lẹ́nu àti ẹni tí a sọ ọ́ fún. Mo fi kún un pé Factories Act, òfin ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú ò fi ní lè ṣí i lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i, alága wa gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní tó bá jẹ́ orúkọ ẹnìkan ló wà níbẹ̀, ìwé ìdádúró ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Àwa mọ́kànlélógún la fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan lọ sí olú ilé ẹgbẹ́, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀dà tiwa, mo ní kí akọ̀wé ọ̀gá lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ní òun ò lè lù ú. Mi ò kúrò níwájú tábìlì rẹ̀ títí ó fi lù ú.

Nígbà tí olùyẹ̀wò dé, ọ̀gá ní wíáháòsì ni tàwọn, kì í ṣe fáktírì. Olùyẹ̀wò na ọwọ́ sí àwọn obìnrin tó ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì, ó ní ibi tí wọ́n bá ti ń tún ọjà ṣe fún títà, òfin náà dé ibẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tú ṣéènì. Fèrè fọ́kílíìfù gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Wọ́n gbé mi lọ sí ibòmíràn láìpẹ́ sí ìgbà náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Obìnrin tó ń di ọjà, Ìsọlọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kásúà ni tèmi, ejẹ́ǹtì ló ń kó wa wá, owó ojúmọ́ la sì ń gbà. Kẹ́míkà kan wà tí a fi ń fọ kẹ́ẹ̀gì, ó ń ta ojú, ó ń bó awọ, wọn ò sì fún wa ní ìbọ̀wọ́. Mo lọ bá àwọn ẹgbẹ́. Wọ́n ní àwa ò san owó ẹgbẹ́, orúkọ wa ò sí nínú ìwé wọn. Ó dùn mí dọ́kàn, torí yàrá kan náà ni gbogbo wa ti ń mí.

Àǹtí kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló gbé e lérí bí ẹni pé òun ni nǹkan ṣe. Ó ya fọ́tò ìka mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Wọ́n kó ìbọ̀wọ́ dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí oṣù yí, ejẹ́ǹtì ò pe orúkọ mi mọ́ ní géètì. Mo gbé abọ́ oúnjẹ mi lọ́wọ́ títí di aago mẹ́jọ àárọ̀, kí n tó gbà pé wọn ò ní pè é. Mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ kà á: ẹ kọ orúkọ àwọn kásúà sílẹ̀.

Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí mú mi rántí ọdún 2002. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ lóru ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, ilẹ̀kùn wà ní títì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì jóná mọ́ inú ibẹ̀. Ìgánmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì tí ìròyìn dé, mo rìn yí ilé ìkẹ́rù wa ká, mo ń ti ilẹ̀kùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn márùn-ún la ní. Mẹ́ta ni ò ṣí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Àmùwò

Ẹ̀gbọ́n Mátòrí, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ta ló sanwó?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, Mátòrí

Àbúrò, o ṣé tí o béèrè. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé wá bá a lórí ibùsùn pé kó fọwọ́ sí i pé ìta ló ti ṣubú. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ni ò jẹ́ kí irọ́ yẹn dúró. Ní abẹ́ òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, ẹni tó fara pa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ fún ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ sì ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà. Ilé-iṣẹ́ ló ń dá owó síbẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù rẹ fún un. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Àmùwò

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ilẹ̀kùn tiwa náà wà ní títì bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti kọ lẹ́tà lórí fóònù, mo máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́la. Mo ti bá àwọn ará síìfù alẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́sàn-án ti ní àwọn máa fọwọ́ sí i.