Ẹ́ńjìnì tí a tú palẹ̀, tí a tò padà, tó kọ̀ tí kò dún: ẹ wá sọ tiyín

Mẹ́káníìkì ọkọ̀ akẹ́rù, Ògèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mercedes 911 kan ni wọ́n wọ́ wá bá mi nígbà ọyẹ́, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi kó kòkó, tí àwa náà ṣì ń fi kó yanrìn àti pákó. Omi ti gbẹ nínú ràdíétọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ sì rò pé òun lè rọra wà á délé. Nígbà tí mo fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tó dí àárín ẹ́ńjìnì àti orí rẹ̀, ti jó, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, bẹ́ríìn tó gbé kíránkì, ọ̀pá irin tí àwọn písítọ́ọ̀nù ń yí, sì ti jẹ.

A tú u palẹ̀ pátápátá. Wọ́n họ kíránkì ní 0.25 mm, mo wá lọ sí Géètì n'Íbàdàn lọ ra bẹ́ríìn tó bá a mu. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi afẹ́fẹ́ fọ́n gbogbo ihò ọ́ìlì inú kíránkì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí eruku irin tó bá fara pamọ́ síbẹ̀, bẹ́ríìn tuntun ni yóò jẹ. Bí mo bá ti so bẹ́ríìn kan le, mo á fi ọwọ́ yí kíránkì wò. Tó bá yí wọ́ọ́rọ́, mo bọ́ sí èkejì. Tó bá le, mo tú u, mo wá ohun tó fà á. Ẹnu ríìngì orí písítọ́ọ̀nù, n kì í jẹ́ kí méjì kọjú síbì kan náà, kí agbára má baà gbabẹ̀ sá lọ. Kọ́ńrọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, irin tó so písítọ́ọ̀nù mọ́ kíránkì, ló ní nọ́ńbà, fìlà rẹ̀ tó dè é mọ́ kíránkì náà ní tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fìlà ìkẹta dé ìkẹrin láéláé. Bóòtù tọ́ọ̀pù, àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìpele ìpele ni mo sì ń fún un le. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, irin tó ń ti fáàfù ṣí, 0.20 mm fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́, 0.30 mm fún èyí tó ń tú èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù.

Gbogbo èyí ni mo ṣe dáadáa. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni pọ́ǹpù tó ń tu dísẹ́ẹ̀lì sí ẹ́ńjìnì.

Lọ́jọ́ Sátidé, onímọ́tò ti dé, àwọn awakọ̀ ti pagbo. A kọ́kọ́ pa ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì, a fi sítátà yí ẹ́ńjìnì títí ọ́ìlì fi gòkè lójú géèjì. Ẹni tó bá fo èyí ń fi bẹ́ríìn tuntun lọ irin gbígbẹ ni. A lé afẹ́fẹ́ jáde lára fíltà, a lé e jáde lára pọ́ǹpù, a tú nọ́ọ̀tì ẹnu nọ́sùlù, èyí tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú sìlíńdà, díẹ̀ títí dísẹ́ẹ̀lì fi ń tú pàà. A so wọ́n padà, mo ní kí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Èéfín funfun ni. Ó ń tú jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà bí kùrukùru, ó ń ta wá lójú, òórùn dísẹ́ẹ̀lì tútù ló ń rùn. Kò gbà rárá.

A tún lé afẹ́fẹ́. A yá bátìrì méjì mìíràn. Lọ́jọ́ kejì mo pe kalibíréétọ̀, ẹni tó ń yẹ pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì wò, ó tú pọ́ǹpù lọ, ó gbé e sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó gbé e padà wá, mo dè é bí mo ṣe dè é tẹ́lẹ̀. Èéfín funfun náà ni. Lóru ọjọ́ yẹn mi ò lè sùn. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, owó olówó sì ni.

Ní Mọ́ńdè ni mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn ò mú sípánà kankan. Wọ́n ní kí n ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, kí n rọra yí kíránkì títí àmì rẹ̀ fi bọ́ síbi tí mo fi de pọ́ǹpù. Wọ́n wá bi mí pé, "Fáàfù sìlíńdà wo ló ń jó?" Mo wò ó. Ti àkọ́kọ́ ni, ọ̀kan ń padé bọ̀, ìkejì ti ń ṣí, ohun tí à ń pè ní ijó fáàfù nìyẹn. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ti rí i."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kà á. Kíránkì á yí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ́ńjìnì tó parí iṣẹ́ kan. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àmì yẹn ń dé òkè: lẹ́ẹ̀kan, písítọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, lẹ́ẹ̀kejì, ó ń ti èéfín síta. Sìlíńdà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnì yìí ní, písítọ́ọ̀nù ìkíní àti ìkẹfà sì jọ máa ń lọ sókè sódò ni. Tí fáàfù ìkẹfà bá ń jó, ìkíní ló wà nídìí fífún. Tó bá jẹ́ ti ìkíní ló ń jó, ẹ má de pọ́ǹpù. Àmì nìkan ni mo wò, mi ò wo fáàfù. Pọ́ǹpù ń tu dísẹ́ẹ̀lì sí sìlíńdà nígbà tí kò sí ooru kankan tó lè jó o, ó sì ń bá èéfín jáde.

A tú pọ́ǹpù sílẹ̀, mo yí kíránkì ní odidi yíyí kan, fáàfù ìkẹfà ń jó, a de pọ́ǹpù padà. A fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó gbà nínú sìlíńdà kan, ó ń mì tìtì, ó gbà nínú méjì, lẹ́yìn náà ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé, wọ́n ń gbà tẹ̀ léra ní 1-5-3-6-2-4, ìró rẹ̀ wá kúnlẹ̀ bí ìlù tí ẹnì kan ṣoṣo ń lù. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi níbi tí ọ́ìlì dà sí.

Awakọ̀, Ìlọrin:

Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ́jú. Tiyín kọ̀, tèmi ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pọ́ǹpù ọkọ̀ mi ṣe níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Bó ṣe dún ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó ń gòkè, tó ń gòkè, láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí tòtúù tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó sáré. Mo pa kọ́kọ́rọ́, kò dá a lóhùn. Mo fa wáyà tí a fi ń pa á, kò gbọ́. Irin inú pọ́ǹpù tó ń díwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì ti há síbi tó ti ń tú u jù lọ. Gbogbo èèyàn sá. Bàbá kan tó ń lẹ táyà nítòsí ló gbé pákó pẹlẹbẹ, ó gbé e dí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, a ò tíì de páìpù fíltà mọ́ ọn. Ó wúkọ́, ó mì, ó kú. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, kọ́ńrọ́ọ̀dù ì bá ti lu ògiri ẹ́ńjìnì já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé pákó sítòsí kẹ́ ẹ tó dá ẹ́ńjìnì tuntun, kẹ́ ẹ sì yan ẹni tí yóò dúró tì í. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ dí i o, agbára ìfà rẹ̀ pọ̀.

Onímọ́tò, Ìbàdàn:

Èmi ò mọ sípánà, ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo ń bójú tó, òun ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Wọ́n tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá. Mẹ́káníìkì bẹ̀ mí pé kí n má tíì di ẹrù kún un, kí n gbé e padà wá kí òun tún bóòtù tọ́ọ̀pù fún. Ẹrù iṣu ń dúró dè mí ní Ṣakí, mi ò gbọ́. A ò tíì kọjá Ìsẹ́yìn tí gásíkẹ́ẹ̀tì fi jó. Iṣu bàjẹ́, mo tún san owó gásíkẹ́ẹ̀tì, mo tún san owó iṣẹ́. Wọ́n tún un tò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀gá, báwo ni kí n ṣe é lọ́tẹ̀ yìí?

Mẹ́káníìkì ọkọ̀ akẹ́rù, Ògèrè:

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Olúwa á dá àdánù yẹn padà. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: mo á jẹ́ kó dún títí yóò fi gbóná dáadáa, mo á pa á, ó di ọjọ́ kejì tó bá ti tutù kí n tó fún bóòtù tọ́ọ̀pù, kí n sì tún tápẹ́ẹ̀tì wò. Tó bá ti rin bí kìlómítà 500, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn nù, ẹ pààrọ̀ fíltà rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí irin ló kún inú rẹ̀. Kó tó pé 1,000, ìdajì ẹrù ni, kí awakọ̀ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí òkè. Láràárọ̀, kó tó ṣí i, kí ó yẹ omi àti ọ́ìlì wò. Ẹ gbé e wá sí Ògèrè lọ́jọ́ Túsìdeè, màá bá yín fún tọ́ọ̀pù náà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n di ẹrù sí i wá.