Gìgísẹ̀ tó ń dùn mí láràárọ̀: ṣé kí n pa eré sísá tì ni?

Asáré-Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo sì ń múra sílẹ̀ fún eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti ìlú Èkó, èyí tó jẹ́ kìlómítà 42. Ìwàǹwára ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí láti kìlómítà 15 lọ́sẹ̀ ni mo ti fò sí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí ọ̀dà ni mo sì ti ń sá gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá jí tí mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan táìlì, àfi bíi pé mo tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀. Ògiri ni mo máa ń dì mú dé balùwẹ̀. Bí mo bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó pẹ́ tí mo tún dìde, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo sì ń fi àbóníkí ra á. Ọjọ́ tí mo tún sáré ni ó padà dé.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi bá mi jà, àṣìṣe tí o ṣe yìí gan-an ni èmi náà ṣe: mo máa ń sinmi títí ìrora á fi lọ, màá wá padà sí iye tí mo ń sá tẹ́lẹ̀. Ìsinmi a máa mú kí ó rọlẹ̀, kì í fún iṣan lágbára. Ohun tó kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́ ni pé, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, màá gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún kejì, màá fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sẹ́yìn títí iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ á fi le bí okùn ìlù, màá ka 10 kí n tó fi sílẹ̀, màá sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Mo tún ra sálúbàtà tó nípọn tí n kì í wọ̀ jáde, nítorí pé ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà nílé wa, ẹsẹ̀ lásán lórí táìlì kò sì dára fún un rárá.

Físíò-Ọ̀ṣogbo:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ohun tí ẹ júwe jọ plantar fasciitis. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà tó ti ara egungun gìgísẹ̀ lọ dé ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí a bá sùn, ó máa ń súnkì, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ a sì fà á lójijì. Ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn, kí ẹ ká tówẹ̀lì sábẹ́ àwọn ọmọ ìka, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé ara sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ dúró fún 2, kí ẹ sì rọra sọ̀ kalẹ̀ fún 3. Ìgbà 12 ni ọ̀wọ́ kan, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì máa fo ọjọ́ kan láàárín. Ó lè dùn díẹ̀. Bí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò bá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ máa bá a lọ. Òwúrọ̀ yẹn kan náà ni kí ẹ fi díwọ̀n eré sísá yín.

Ṣùgbọ́n bí gìgísẹ̀ bá wú, tí ó ń dùn lóru láìtẹ nǹkan kan, tàbí tí ó dùn gan-an bí ẹ bá fi ọwọ́ fún un lọ́tùn-ún lósì, ẹ lọ ya fọ́tò egungun rẹ̀ (X-ray), nítorí egungun lè ti sán.

Asáré-Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ti ya fọ́tò, egungun kò sán, àmọ́ wọ́n ní ṣóṣóró kan yọ lára rẹ̀, pé kí n wá gba abẹ́rẹ́ steroid.

Físíò-Ọ̀ṣogbo:
Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ṣóṣóró yẹn tí nǹkan kan kò dùn wọ́n, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Abẹ́rẹ́ náà lè mú ìrora kúrò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ kí iṣan náà já, ó sì lè mú kí ọ̀rá abẹ́ gìgísẹ̀ fẹ́lẹ́. Ní tèmi, ẹ fún àtẹ̀gùn ní oṣù mẹ́ta ná.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, wọ́n tún ń sá kìlómítà 10 ní Èkó níbẹ̀. Èyí ni èmi sá lọ́dún tí ara mi ń yá bọ̀, sálúbàtà mi sì wà nínú báàgì.